'Settle' nínú Ìròyìn Àbújá: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan láti 1976

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá tẹ́tí sí ìròyìn tí ó ń ti Àbújá jáde ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, kò ṣòro kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó sì jẹ́ pé àwọn ọ̀ràn tí wọ́n fi ń sọ kò bá ara wọn tan rárá. Ìjọba àpapọ̀ àti ilé-iṣẹ́ kan ti 'settle' láìdé kóòtù mọ́. Báńkì kan ti 'settle' ohun tí ó jẹ èkejì. Àwọn ará abúlé kan ń béèrè ibi tí ìjọba yóò 'resettle' wọn sí. Ní Jos, ìjà bẹ́ láàárín onílẹ̀ àti 'settler'. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n má ṣe 'settle' ẹnikẹ́ni lójú pópó. Olóòtú ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro: ọ̀rọ̀ kan ni ó fi gbé gbogbo rẹ̀. Ẹni tí yóò sọ ìròyìn náà ní Yorùbá ni iṣẹ́ já lé léjìká, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó lè ru ẹrù márààrún pọ̀. Ó ní láti yan ọ̀kan. Bí ó bá sì ti yàn án tán, ó ti dá ẹjọ́ kan, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ara ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ìjókòó ni 'settle' ti yọ. Ẹni tí ó bá settle ti rí ibi jókòó sí. Ìjà tí ó bá settle ti tòrò bí omi tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Gbèsè tí ó bá settle ti kúrò nílẹ̀. Yorùbá náà mọ àwọn èrò wọ̀nyí dáadáa, ṣùgbọ́n ó yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: fìdí kalẹ̀, tẹ̀dó, parí ìjà, tòrò, san gbèsè. Èyí tí ó súnmọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì jù ni fìdí kalẹ̀, nítorí ìjókòó ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí Yorùbá tí yóò sọ pé òun fi ìdí gbèsè kalẹ̀, tàbí pé òun fi ìdí ọlọ́pàá kalẹ̀. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, Yorùbá pààlà sí i.

Ilẹ̀ àti àwọn tí ó wà lórí rẹ̀

Orí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àbújá. Ní Oṣù Ògún 1975, ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà láti wádìí bóyá ó yẹ kí Èkó ṣì máa jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ ti jábọ̀ pé Èkó ti há jù, àti pé kí olú-ìlú lọ sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, níbi tí ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀yà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ti lè sọ pé ilé òun ni. Òfin Kẹfà ọdún 1976, tí ó jáde ní Oṣù Èrèlé, ni ó dá Agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀. Ara ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara ni wọ́n ti gé e. Ti Niger ni ó pọ̀ jù.

Orúkọ pàápàá kò wà nílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbújá àtijọ́ ni ìlú tí Abu Ja, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba Zaria tí àwọn Fúlàní lé kúrò lórí ìtẹ́, tẹ̀dó ní 1828. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun, ìlú àtijọ́ di Suleja, láti ara orúkọ Suleiman Barau tí ó jẹ́ ọba wọn nígbà náà. Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, orúkọ ni ó kọ́kọ́ kó lọ, kí ilé tó dé.

Pé kò sí ẹ̀yà ńlá kan tí ó ni ilẹ̀ náà kò túmọ̀ sí pé kò lólówó. Àwọn Gbagyi, tí àwọn mìíràn ń pè ní Gwari, ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀; Bassa, Koro, Gade, Gwandara àti àwọn mìíràn sì wà pẹ̀lú wọn. Àgbẹ̀ oníṣu ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Obìnrin Gbagyi kì í gbé ẹrù sórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, nítorí orí ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ohun tí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí Yorùbá kankan. Garki, Wuse, Maitama, Asokoro àti Gwarinpa, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ lónìí sí àdúgbò olówó àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba, orúkọ abúlé ni gbogbo wọn.

Èrò ìjọba ní 1976 ni pé kí gbogbo ẹni tí ó ń gbé agbègbè náà kó jáde, kí ìjọba sanwó fún wọn, kí wọ́n sì lọ fìdí kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí olú-ìlú lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láìjẹ́ ti ẹnì kan. Èyí ni Gẹ̀ẹ́sì pè ní 'resettlement'. Nígbà tí ó hàn pé àwọn ènìyàn náà pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, àti pé owó tí yóò bá a lọ kò kéré, ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ yí ètò padà ní 1978. Ẹni tí ó bá wù kí ó lọ. Ẹni tí ó bá wù kí ó dúró, títí ìkọ́lé ìlú yóò fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ará Wuse lọ sí tòsí Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí wọ́n ń pè ní New Wuse. Ní nǹkan bí 1990, wọ́n kó àwọn ará Maitama lọ sí Kubwa. Àwọn ará abúlé Garki dúró síbi tí wọ́n wà, ìlú sì kọ́ yí wọn ká.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń túmọ̀ ìròyìn fojú sí nínú ọ̀rọ̀ 'resettle' ni 're' tí ó wà níwájú rẹ̀. Ó ń sọ fún olùgbọ́ pé ènìyàn náà jókòó tẹ́lẹ̀, ó dìde díẹ̀, ó sì ti tún jókòó. Kò sọ ẹni tí ó gbé e dìde. Bí olùsọ̀ròyìn bá ní 'ìjọba ti wá ibùjókòó tuntun fún wọn', ìjọba ti di olóore. Bí ó bá ní 'ìjọba ti ṣí wọn nípò', ìjọba ti di aninilára. Bí ó bá ní 'wọ́n ti kó lọ sí Kubwa', ó jọ bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n dìde di ẹrù. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó bá gírámà mu, gbogbo wọn sì ni ó lè jẹ́ ìtumọ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Ìtàn ni ó yẹ kí ó yan èyí tí ó tọ́, kì í ṣe ìwé atúmọ̀-èdè. Ìtàn Maitama fara mọ́ èkejì ju àwọn tí ó kù lọ.

Owó tí ó bá ètò náà rìn tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'compensation' ni Yorùbá ń pè ní owó gbà-má-bìínú. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó gbà pé a ti ṣẹ ẹnì kan, pé ó ń bínú, àti pé ìbínú rẹ̀ tọ́. Ẹni tí ó ń san án ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 kò mọ ẹ̀bẹ̀. Ilé, irúgbìn àti ohun tí ọwọ́ ènìyàn gbé sórí ilẹ̀ ni ó ní kí ìjọba sanwó lé; ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Igi mángòrò ní iye. Òkè tí àwọn baba ńlá ń bọ àti ibojì àwọn òkú kò ní. Nígbà tí Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 dé, ẹsẹ̀ kejì abala 297 rẹ̀ sọ ọ́ ní pàtó pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ agbègbè náà. Láti ìgbà náà ni olùsọ̀ròyìn Yorùbá tí ó bá pe àwọn Gbagyi ní 'onílẹ̀' ti ń sọ òtítọ́ nínú ìtàn, tí ó sì ń sọ ohun tí òfin kò mọ̀.

Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà olú-ìlú, katakata wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ohun tí ìjọba sọ ni pé wọ́n fẹ́ dá ìlú padà sí àwòrán tí wọ́n yà fún un ní 1979. Àjọ COHRE àti SERAC, nínú ìjábọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2008, fojú díwọ̀n àwọn tí ilé wọn lọ sí i sí 800,000. Ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ń pe àwọn àdúgbò tí wọ́n wó ní 'illegal settlement', ó sì ń pe ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ilẹ̀ kan lọ ní 'resettlement'. Nínú gbólóhùn kan náà, ìjókòó ni ẹ̀ṣẹ̀, ìjókòó náà ni ìdáríjì. Àwọn ayálégbé tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ kejì yìí: wọ́n ti 'settle' lọ́nà àìtọ́, kò sì sí 'resettle' fún wọn. Yorùbá, Ígbò, Tiv àti Hausa tí wọ́n tẹ̀lé iṣẹ́ ìjọba wá sí Àbújá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Owó tí ń mú ẹnu dákẹ́

Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, láti 1985 sí 1993, ọ̀rọ̀ náà já wọ inú ìgboro pẹ̀lú ìtumọ̀ mìíràn. Àárín ìgbà náà gan-an ni ìjọba kó dé Àbújá, ní ọjọ́ 12, Oṣù Ọ̀pẹ, 1991. 'Settlement' wá di orúkọ tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pe ọ̀nà ìṣèjọba kan: bí òṣèlú kan bá ń ṣàtakò, bí ọ̀gá ológun kan bá ń kùn, fún un ní ipò, fún un ní kọntíráàtì, fún un ní owó, ariwo a sì dákẹ́. Láti òkè ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé tí ó ń fi fáìlì pamọ́ àti ọlọ́pàá tí ó gbé igi dábùú ọ̀nà. Ará ọjà kò tilẹ̀ pè é bí Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Sẹ́tù ni ó ń pè é, ó sì ń lò ó láàárín Yorùbá geere: 'Ṣé o ti sẹ́tù wọn?'

Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún ohun yìí. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà, èyí tí ó fi hàn pé ẹnì kan ti bẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé. Owó ẹ̀yìn wà, èyí tí ó fi hàn pé iwájú kọ́ ni ó gbà wọlé. Ẹ̀gúnjẹ wà. Rìbá wà, tí ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ó ti wá, níbi tí ó ti dúró fún èlé orí owó, tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí kà léèwọ̀. Kò sí èyí tí ènìyàn lè sọ lójú gbogbo ayé pé òun ṣe láìfojú bolẹ̀. Ìdí tí sẹ́tù fi gba ipò lọ́wọ́ wọn nìyẹn, kì í ṣe nítorí pé èdè ṣe aláìní. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń parí ìjà, tí ó ti ń san gbèsè, bá ẹni tí ó fúnni lówó lábẹ́ tábìlì fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ní òun ti sẹ́tù ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó san ohun tí ó jẹ. Ọlọ́pàá tí ó gbà á sì di ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìwà kò yí padà, orúkọ ni ó yí, ìtìjú sì bá orúkọ àtijọ́ lọ.

Ẹ̀rí kan wà nínú òfin tí ó gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dá àjọ ICPC sílẹ̀ ní 2000 láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, tí wọ́n sì dá EFCC sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òfin kò pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní 'settlement'. Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn, 'gratification', tí kò sí lẹ́nu ará ọjà. Bí àgbẹjọ́rò bá fẹ́ mú ẹni tí ó 'settle' ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí ó sá sí.

Ilé ẹjọ́ àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá

Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí 'settle' níta kóòtù fi dùn mọ́ wọn létí. Ó jọ ohun tí àwọn àgbà ilé ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní kí tọ̀tún tòsì jókòó kí wọ́n parí ìjà. Ṣùgbọ́n ìjà tí àwọn àgbà ń parí kò rí bí ti àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n tó ní kí ó dìde.

Ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer lo oògùn kan tí ó ń jẹ́ Trovan láti fi dánra wò lára àwọn ọmọdé. Ìjọba Kánò pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìjọba àpapọ̀ náà pè wọ́n ní Àbújá ní 2007. Ní 2009, Pfizer àti Kánò 'settle' ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ní ọdún kan náà, Shell 'settle' pẹ̀lú ẹbí Ken Saro-Wiwa àti àwọn ará Ogoni yòókù ní New York, ní mílíọ̀nù 15.5 dọ́là. Ní Oṣù Ọ̀pẹ 2010, EFCC fi ẹ̀sùn kan Dick Cheney, tí ó ti ṣe igbá-kejì ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Halliburton tí ó ti jẹ́ ọ̀gá fún. Kí oṣù náà tó tán, ilé-iṣẹ́ náà ti gbà láti san mílíọ̀nù 35 dọ́là, ìjọba sì kó ẹ̀sùn rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Nínú ọ̀ràn Pfizer àti ti Shell, ẹni tí ó sanwó kò gbà pé òun jẹ̀bi. Shell tilẹ̀ ṣàlàyé pé àánú ni òun fi owó tirẹ̀ ṣe. Nígbà náà, kí ni olùsọ̀ròyìn Yorùbá yóò pe owó náà? Bí ó bá ní owó ìtanràn, ó ti dá wọn lẹ́bi nígbà tí adájọ́ kò dá wọn lẹ́bi. Bí ó bá ní owó gbà-má-bìínú, ó ti fi ẹ̀bẹ̀ sí wọn lẹ́nu, ẹ̀bẹ̀ tí wọn kò bẹ̀. Bí ó bá ní 'wọ́n ti parí ìjà', olùgbọ́ yóò rò pé tọ̀tún tòsì ti jùmọ̀ jẹ obì. Ohun tí ó kù ni kí ó sọ ọ́ bí ó ti rí: wọ́n sanwó kí ẹjọ́ lè dúró, wọn kò sì gbà pé àwọn jẹ̀bi. Gbólóhùn náà gùn, ó sì gba àkókò lórí afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, ó ṣe kedere ju 'settle' lọ, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi bò ni ó ṣí.

Ti báńkì kò gba àlàyé gígùn. Ilé-iṣẹ́ NIBSS tí àwọn báńkì dá sílẹ̀ ní 1993 ní 'settlement' nínú orúkọ rẹ̀, àṣírí kankan kò sì sí níbẹ̀: owó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ó dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí Nàìjíríà san gbèsè Paris Club tán ní Oṣù Igbe 2006, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá a fagi lé nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là tí òun náà sì san bílíọ̀nù 12 àti díẹ̀, 'san gbèsè' tó. Àwọn àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Àbújá, ti Làìbéríà ní 1995 àti 1996 àti ti Darfur ní Oṣù Èbìbí 2006, kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ti èdè: ìpẹ̀tù-síjà ni. Pé ìjà Darfur kò parí lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀.

'Settler'

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni ibi tí ó ti di orúkọ ènìyàn. Nínú ìròyìn rògbòdìyàn Jos, ti 2001 àti ti 2008, 'settler' ni àwọn kan ń pe àwọn Hausa tí baba ńlá wọn ti ń gbé ibẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó 'settle' ti fìdí kalẹ̀. Ṣùgbọ́n 'settler' tí ó yọ lára rẹ̀ wá túmọ̀ sí ẹni tí kò yẹ kí ó fìdí kalẹ̀ láé. Àtìpó tàbí àtọ̀húnrìnwá ni ìròyìn Yorùbá sábà máa ń lò fún un. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lo ọ̀rọ̀ méjèèjì láìronú, nítorí Yorùbá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n lè fà. Nǹkan bí 1847 ni Ọọ̀ni Abẹ́wẹ́ilá fún àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé dé Ifẹ̀ ní ibi tí ó di Modákẹ́kẹ́. Ìgbà tí ó di ọdún 1997 sí 2000, lẹ́yìn àádọ́jọ ọdún, ìbéèrè pé ta ni àtìpó, ta ni ó sì yẹ kí ó san ìṣákọ́lẹ̀, ṣì ń pa ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá.

Ọ̀ràn Àbújá tilẹ̀ tún lọ́ ju èyí lọ. Àwọn Gbagyi tí wọ́n wà níbẹ̀ ṣáájú ìjọba ni ìwé ìjọba lédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'original inhabitants', ìyẹn àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀. Gbígbé ni wọ́n sọ, wọn kò sọ níní. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn 1991 pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì í pè é ní 'settler'.

Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984 àti ti 1990, àti ìwé ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lédè mẹ́rin tí ó jáde ní 1991, ti ṣe gudugudu méje fún àwọn tí ń túmọ̀ ìròyìn àti òfin. Abala 55 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 sì ti fi àyè sílẹ̀ pé kí wọ́n lo Yorùbá, Hausa àti Ígbò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá bí ètò bá ti tó. Ṣùgbọ́n àtẹ ọ̀rọ̀, bí ó ti wù kí ó kún tó, kò lè sọ èwo nínú ṣíṣí nípò, fífìdí kalẹ̀, fífúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti pípẹ̀tù síjà ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ìròyìn jáde. Ẹni tí ó lọ síbẹ̀, tí ó sì béèrè, nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Ní gúúsù ìlú Àbújá, ní ọ̀nà Apo, ibì kan wà tí ìjọba kọ́ ilé sí fún àwọn ará abúlé Garki àti Apo. Apo Resettlement ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ayálégbé láti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ilé ibẹ̀ lónìí, Yorùbá sì wà láàárín wọn. Bí awakọ̀ takisí bá ń pe èrò, kì í pe orúkọ náà tán. 'Resettlement' nìkan ni ó ń ké.